Bí a ṣe ń dá ọgbà ẹ̀fọ́ ńlá sí ẹ̀yìnkùlé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní Ogbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ká kúrò nílẹ̀, tí ooru oṣù kejì sì ń lé wa jáde láti inú yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fọwọ́ kan ọkọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ìgbà tí ó bá rọ̀ tán ni wọn yóò wá máa sáré ṣánlẹ̀, sáré kọbè, sáré ra irúgbìn, tí wọn yóò sì gbin gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ìdajì pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn ilé bọ́ sí wa lọ́wọ́, mo fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí gbogbo bẹ́ẹ̀dì 20 tí mo ṣe, ní ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nínú oṣù kẹta. Ẹ̀fọ́ hù, inú mi dùn, ṣùgbọ́n òjò kò padà wá fún ọjọ́ 19, omi kànga wa kò sì ká bẹ́ẹ̀dì 20. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó yè dàgbà pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. A jẹ ẹ́, a pín in fún aládùúgbò, ìyókù gbó, ó yọ òdòdó sí ojú wa. Láti ọdún náà ni ó ti yé mi pé ohun méjì ló ń mú ọgbà tí ó tóbi dára: kí ilẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́ kí òjò tó dé, àti kí a máa gbìn ín díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí omi wa àti ọwọ́ wa ká.

Òjò agbègbè wa ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi ìmọ̀ràn àwọn ará Èkó dáko ní ilẹ̀ ọ̀dàn yóò máa ṣìnà. Àkọ́rọ̀ lè rọ̀ ní ìparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, pẹ̀lú ìjì àti ààrá, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ni òjò ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. A máa le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún máa le ní oṣù kẹsàn-án, kí ó tó ká nílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín ni a tò mọ́ ìrìn òjò yìí.

Ilẹ̀ àti omi

Ibi tí oòrùn ti ń ta fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, ni kí ẹ wá. Èyí kò rọrùn ní ìlú wa, nítorí agbo ilé tí kò ní igi máńgòrò kan tàbí méjì kò wọ́pọ̀, ìbòji máńgòrò sì nípọn débi pé ata tí a bá gbìn sábẹ́ rẹ̀ yóò kàn máa ga ni, kò ní so. Gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú a máa bá ẹ̀fọ́ du omi. Èmi kò ní kí ẹ gé máńgòrò yín. Gbúre, ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ̀ àti ewúro lè fara da ìbòji. Ẹ kó wọn síbẹ̀, kí ẹ fi ibi tí oòrùn wà sílẹ̀ fún ata, tòmátì, ilá, ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Ẹ jìnnà sí ṣaláńgá, ẹ má sì gbin nǹkan jíjẹ sí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì ọkọ̀ sí rí.

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ yanrìn tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Omi tètè ń gba inú rẹ̀ lọ, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta sì tó láti mú un gbẹ. Kí ẹ tó pín ilẹ̀ náà, ẹ gbẹ́ ihò sí igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ọkọ́ bá kan yangí kí ihò náà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi ibẹ̀ ṣe ojú ọ̀nà tàbí ibi tí ẹ ó máa kó ajílẹ̀ jọ sí, nítorí gbòǹgbò ata kò ní lè ráyè níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ekòló sì wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn irúgbìn tí yóò pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ ṣán ilẹ̀ náà nígbà tí ó ṣì gbẹ. Ẹ má ṣe sun koríko tí ẹ ṣán. Ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ óò nílò rẹ̀ láti bo ilẹ̀. Ẹ̀kan nìkan ni mi ò ní àánú fún. Ọkọ́ kì í pa ẹ̀kan. Bí ẹ bá gé iṣan rẹ̀ tó funfun lábẹ́ ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò hù. Ẹ fi ṣọ́bìrì tẹ̀lé iṣan náà, ẹ hú u tán, ẹ sá a sórí òkúta kí oòrùn pa á. Ọjọ́ méjì tí ẹ bá fi ṣe èyí ní oṣù kejì yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ríro ní oṣù kẹfà.

Ìdajì pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn àti ní ìbú yóò gba bẹ́ẹ̀dì 20 bí a bá wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ fi ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin là á sí méjì kí bárò lè kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 27, pẹ̀lú àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín wọn. Ìdí tí mo fi ní kí bẹ́ẹ̀dì má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ ni pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ orí rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá ti kì mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mí. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dábùú bẹ́ẹ̀dì kọjú ìṣàn omi; ẹni tí ó bá kọ ọ́ tẹ̀lé ìṣàn yóò jí lọ́jọ́ kan láti rí ajílẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀ nínú gọ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò omi pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀dì kan tí mo júwe yìí tó nǹkan bíi sikuéà mítà 10 (10 m²), lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, yóò nílò kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún yóò gba kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, èyí tí ọmọ méjì lè fà láti inú kànga lówùúrọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Bẹ́ẹ̀dì 20 yóò gba kẹ́ẹ̀gì 40 lójoojúmọ́. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò sọ iye bẹ́ẹ̀dì tí ẹ lè gbìn kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ti ohun tí a fi ń bomi rin, garawa ọ̀dà àtijọ́ tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, tí a sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ lu ìdí rẹ̀ ní ihò bíi 30, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Omi rẹ̀ a máa sẹ̀ bí òjò winniwinni, kì í hú irúgbìn kéékèèké.

Ọgbà gbọ́dọ̀ yí ilẹ̀ náà ká kí irúgbìn kankan tó wọlẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó iṣẹ́ oṣù méjì í run láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí kò bá lágbára wáyà lè gbin lápálápá sún mọ́ra yípo ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nítorí ẹran kì í jẹ ẹ́, igi rẹ̀ sì ń hù bí a bá ti ki í bọlẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ dí àárín rẹ̀ títí yóò fi dí ara rẹ̀.

Ajílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná

Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fẹ́ràn jù, kì í sì í ṣòro rí ní àyíká wa nítorí àwọn tí ń sin adìyẹ pọ̀. Ìgbẹ́ màlúù láti gáà àwọn Fúlàní náà dára, àmọ́ irúgbìn koríko inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ẹni tí ó bá lò ó láìjẹ́ kí ó jẹrà dáadáa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin koríko ni. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ dára gan-an fún ata.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ọgbà jẹ́ ni lílo ìgbẹ́ adìyẹ ní tútù. Ẹnì kan tà á fún mi ní ọdún kan, ó ní ó ti jinná, mo sì gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ kẹta tí mo gbin ọmọ ata sí i, etí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ìwé tí iná rà. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ kan, ó lé ní 100 tí mo hú dànù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó o sílé fúnra mi ní oṣù kìíní. Mo máa ń pò ó pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, màá wọ́n omi sí i títí yóò fi rin bí aṣọ tí a fún, màá fi ọ̀rá bò ó, màá sì máa yí i padà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé mo máa ń ki àdá bọ àárín òkìtì náà, màá fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá fà á yọ, màá sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin rẹ̀. Bí irin náà bá gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta èèyàn nímú, kò tíì jinná. Bí ó bá tutù, tí ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí a kò sì lè dá ewé mọ̀ yàtọ̀ sí ìgbẹ́ mọ́, ó yá.

Kílò 10 sí bẹ́ẹ̀dì kan ni ìwọ̀n tí ó kéré jù, ìyẹn ni pé àpò oúnjẹ adìyẹ oníkílò 25 kan yóò ká bẹ́ẹ̀dì méjì àti ààbọ̀. Ilẹ̀ tí ó bá ti rẹ̀ lè gbà tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ dà á sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ dé ìwọ̀n bí àtẹ́lẹwọ́ kan ní jíjìn, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bò ó títí di ọjọ́ ìgbìn. Nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ilẹ̀ yín yóò ti máa mu omi náà dúró, nígbà tí tàwọn ẹlòmíràn ṣì le bí àpáta.

Ọmọ ata àti ọmọ tòmátì

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń gbẹ ni a ti ń gbin ata rodo, ṣọ̀m̀bọ̀ àti tòmátì sí ibi ìtọ́jú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí wọ́n lè ti tó ṣí nípò nígbà tí òjò bá dé. Ata yóò lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà níbẹ̀, tòmátì yóò lo mẹ́ta sí mẹ́rin; nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbin ata ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí ẹ gbin tòmátì ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sun ìdì koríko kan sórí ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbìn, kí iná lè pa àwọn àrùn tí ń mú ọrùn ọmọ irúgbìn rà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìka la ilà tí kò jìn ju ìdajì íǹṣì lọ, kí ẹ wọ́n irúgbìn sínú rẹ̀, kí ẹ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ lórí àgọ́ kékeré tí kò ga ju orúnkún lọ tó fún ìbòji. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa dín imọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dín omi kù, kí ọmọ ata lè ti mọ ojú oòrùn kí ó tó dé ibi tí yóò máa gbé.

Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ ti ń ra irúgbìn. Irúgbìn tí ó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ooru ń mú kì í hù tán. Ẹ dán 10 wò nínú aṣọ tútù, bí mẹ́fà kò bá hù láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ má ṣe fi ọgbà yín tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ NIHORT ní Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975 fún ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, ti mú àwọn irúgbìn tó bá ilẹ̀ wa mu jáde; ilá NHAe 47-4 tí ó tètè ń so wà nínú wọn. Ní ti tòmátì, Roma VF wọ́pọ̀ lọ́jà, lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ sì ń sọ pé ó lè dènà àrùn méjì tí ń gba inú ilẹ̀ mú tòmátì rọ, ìyẹn Verticillium àti Fusarium. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Local, tí èso rẹ̀ ní ìpín ìpín lára, fara da òjò ju ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè ń rà lọ́jà.

Ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀

Òjò kan kò tó. Ẹ dúró títí òjò méjì tí ó rinlẹ̀ yóò fi rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ọkọ́ wo inú ilẹ̀: bí ó bá tutù dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ní jíjìn ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa, èyí sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹrin. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ lè bomi rin nìkan ni kí ẹ gbìn ṣáájú ìgbà yìí.

Báyìí ni mo ṣe ń pín bẹ́ẹ̀dì 20 náà: ata mẹ́rin, tòmátì mẹ́ta, ilá mẹ́rin, ewédú mẹ́ta, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mẹ́rin, gbúre ọ̀kan, a ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ irúgbìn. Ata, tòmátì àti gbúre nìkan ni mo ń gbìn tán lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan ni mo ń fún lọ́sẹ̀ méjì méjì, ilá kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ní ọ̀nà yìí, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kì í sí nílé, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ó pọ̀ ju agbára wa lọ.

Ewédú ni kí n fara balẹ̀ sọ, nítorí ìlú tí ọkà jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ ni tiwa, ewédú sì ni ọ̀pọ̀ ń ráhùn pé kì í hù fún wọn. Kì í ṣe pé irúgbìn náà ti kú. Wóró rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ eérú, ó ní igun, èèpo rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi lè wọ inú rẹ̀. Ìyá mi máa ń di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú aṣọ fẹ́lẹ́, yóò sọ ìkòkò omi tí ó ń hó kalẹ̀ lórí iná, yóò ri aṣọ náà sínú rẹ̀, yóò sì máa kà á jẹ́jẹ́ láti oókan dé ẹẹ́wàá. Bí ó bá ti pe ẹẹ́wàá báyìí, aṣọ náà ti bọ́ sínú omi tútù. Mo bi í nígbà kan pé, "Ìyá, bí ẹ bá kà á dé ogún ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ lo ń sè nìyẹn, kì í ṣe irúgbìn." Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sí ìbòji kí ó gbẹ, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ sì fún un káàkiri bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ rà á mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ má rì í. Ewédú tí a bá gbìn láti oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ewé rẹ̀ ń pọ̀ jù, nítorí bí ọ̀sán bá ti ń kúrú sí i lẹ́yìn náà, yóò tètè yọ òdòdó, yóò sì dẹ́kun ewé yíyọ.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò nílò omi gbígbóná, yanrìn ni wọ́n nílò, nítorí irúgbìn wọn kéré débi pé ẹni tí ó bá fún un lásán yóò da ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì márùn-ún sí ẹyọ kan. Tẹ̀tẹ̀ máa ń hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ilá ni kí ẹ rẹ mọ́jú. Wóró méjì sí ihò kan, ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín ilà àti ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ihò, kí ẹ sì fa èyí tí kò lágbára tu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Gbúre kò nílò ju kí ẹ gé igi rẹ̀ ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́fà, kí ẹ sì kì í bọlẹ̀. Ewúro náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ igi tirẹ̀ yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn aago márùn-ún, ni a ń ṣí ata àti tòmátì nípò, tàbí ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá dúdú. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin wọ́n, ẹ fi ọkọ́ kékeré hú wọn pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn, ẹ má di igi wọn mú, ewé ni kí ẹ dì mú. Ata fẹ́ àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn. Tòmátì lè sún mọ́ra díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì lè rì í dé ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí yóò yọ gbòǹgbò láti ara igi rẹ̀. Ata kò fẹ́ irú rẹ̀.

Ìtọ́jú

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí irúgbìn hù ni ríro àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá. Koríko tí ó tó ìka ọwọ́ ni ó rọrùn láti fà tu. Èyí tí ó bá ti dé orúnkún yóò mú gbòǹgbò ẹ̀fọ́ dání bó bá ń bọ̀. Ríro kejì yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àti nígbàkígbà tí ẹ bá rí koríko tí ó fẹ́ so.

Lẹ́yìn ríro àkọ́kọ́ ni kí ẹ kó koríko gbígbẹ tí ẹ ti fi pamọ́ láti oṣù kejì bo ìdí ata, tòmátì àti ilá, kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ó má fara kan igi wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọgbà, èyí ni ó ń san èrè jù lórí ilẹ̀ yanrìn wa. Ó ń dá omi dúró, ó ń dín koríko kù, kì í sì í jẹ́ kí òjò ta ẹrẹ̀ sí ewé ìsàlẹ̀ tòmátì, níbi tí ọ̀pọ̀ àrùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tòmátì gbọ́dọ̀ ní igi tí a so ó mọ́ kí ó tó ga tó orúnkún, kí a sì ká ewé rẹ̀ tí ó bá kan ilẹ̀ kúrò.

Ní ti oúnjẹ ilẹ̀, bí ajílẹ̀ bá tó, ẹ̀fọ́ eléwé kò nílò fẹ́tílásà. Ata àti tòmátì tí ó bá ń pọ́n lójú ewé lè gba NPK 15-15-15 ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́rin sí igi rẹ̀, kí a sì fi ilẹ̀ bò ó. Ẹ má ṣe dà á sí ìdí igi gan-an.

Kòkòrò yóò wá. Èyí tí ó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ká ẹní, tí ó sì ń fi òwú tín-ín-rín so ó pa, ọwọ́ ni mo fi ń ṣa á láàárọ̀, kí ìrì tó gbẹ. Kòkòrò kékeré tí ń fò bí eégbọn lára ewé ilá, tí ń lu ewé ní ihò tóótòòtóó, kì í fẹ́ eérú. Ẹ kù ú sí ewé nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Fún èyí tí ó bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ẹ gún ewé dongoyárò kílò kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ sì fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ dànù, ẹ tún un fọ́n. Mo bẹ̀ yín tọkàntọkàn, ẹ má ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò olóró sí ẹ̀fọ́ tí a ó ká lọ́la tàbí lọ́túnla. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́, ọmọ ẹni tí ó rà á lọ́jà náà sì ń jẹ ẹ́.

Bí ewédú, ilá tàbí tòmátì bá ń rọ lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹ hú ọ̀kan wò. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wú ní kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn aràn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí ló wà nínú ilẹ̀ náà. Kò sí oògùn tí ó rọrùn fún un. Ẹ hú gbogbo wọn, ẹ sun ún, ẹ gbin ẹ̀pà sí bẹ́ẹ̀dì náà ní àsìkò tí ó tẹ̀lé e, nítorí ẹ̀pà kì í gba èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn láyè, kí ẹ sì máa fi ajílẹ̀ kún un. Fún ìdí kan náà, ibi tí ata, tòmátì tàbí ìkàn bá wà lọ́dún yìí, ẹ má tún gbin ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ìdílé kan ni wọ́n, àrùn wọn sì jọ ara wọn.

Kíká àti irúgbìn ọdún tí ń bọ̀

Tẹ̀tẹ̀ tó fà tu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ pẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀, ní gígé gẹ̀rẹ́ kí omi má dúró lójú ibi tí a gé, níbi tí ìrà dúdú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò. Yóò tún yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sì lè gé e tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí igi rẹ̀ tó le. Ṣọkọ fara da òjò oṣù kẹfà ju tẹ̀tẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni mo ń gbìn jù ní àkókò yẹn. Ilá ni kí ẹ máa ká ní ọjọ́ méjì méjì láìfi ti pé ẹ kò fẹ́ se é ṣe. Bí èyí tí ó gbó bá wà lórí igi, igi náà yóò rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò sì ní so mọ́. Ata rodo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a ṣí i nípò, a sì lè máa ká a títí di ọyẹ́.

Ní ìdáwọ́ òjò oṣù kẹjọ, ẹ wo igi ilá mẹ́rin tí ó so jù tí àrùn kò sì mú, ẹ so òwú pupa mọ́ wọn, ẹ má ká wọn mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀ mẹ́fà àti ewédú mẹ́wàá. Bí èso ilá bá ti gbẹ tí ó sì ń dún ṣaworo lọ́wọ́, ẹ bó o, ẹ sá a sí ìbòji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pò ó mọ́ eérú tí a jọ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ó gbẹ, ẹ dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ kọ orúkọ irúgbìn àti oṣù tí ẹ ká a sí i lára. Abẹ́ ibùsùn, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ni tèmi máa ń wà títí di oṣù kẹta.